Bẹ́ńṣì Àwọn Adáhùn

Ọ̀rọ̀ Ìyá Aránṣọ lọ̀rọ̀ yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Gẹ̀ẹ́sì kàn gba ibẹ̀ kọjá ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ọmọ yìí tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sókè òkun, ó bímọbìnrin kan síbẹ̀, iṣẹ́ ò sì jẹ́ kí wọ́n ráyè títí ọmọ fi dàgbà láìgbọ́ "wá", láìgbọ́ "lọ" lédè ìyá rẹ̀. Ìkókó ni ìyá àgbà ń pè é lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Eyín iwájú ọmọ ti yọ, òmíràn ti hù rọ́pò rẹ̀, Ìkókó náà ló ṣì ń jẹ́. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń pe ara wọn lórí fóònù tí èèyàn fi ń rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá Aránṣọ á ti wẹ̀, á ti wé gèlè bí ẹni tó ń lọ ya fọ́tò, á gbé fóònù ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á sì figbe ta: "Ìkókó mi! Ọmọ ọlá! Adúmáradán mi! Ọmọ tó tó gbé jó!" Ọmọ náà á lajú sílẹ̀, á máa wò ó bí ẹni tó ń wo aládùúgbò tó ń jà lẹ́yìn fèrèsé. Tó bá ṣe díẹ̀, á yọ́ bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó di inú yàrá. Àga lásán ni ìyá àgbà á máa kí.

Ní Sọ́ńdè kan, ọmọ rẹ̀ wá sọ ọ̀rọ̀ náà jáde.

"Màámi, mi ò lè máa fipá gbé e wá sídìí fóònù mọ́. Ó ní ẹ kàn ń pariwo mọ́ òun ni. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná. Tó bá dàgbà, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá yín."

"Tó bá dàgbà kẹ̀?" Ìyá Aránṣọ gbaná jẹ. "Èmi ńkọ́, wọ́n ní mo máa dúró? O bímọ, o ò kọ́ ọ lédè, o wá ní kó máa wo ìyá rẹ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n tó ti bàjẹ́!"

"Ó ń rẹ̀ mí tí mo bá délé, Màámi."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbi iṣẹ́."

"Ó kú iṣẹ́ o. Gbọ́, má tíì lé mi kúrò lójú ọmọ yẹn. Fún mi láàyè díẹ̀. Màá lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín lórí fóònù yẹn kẹ́yìn, nítorí náà ìyá rẹ̀ ò bínú.

Pálọ̀ Ìyá Aránṣọ náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé náà, ìyẹn pàápàá, àfi téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ènìyàn laṣọ mi, àwọn àgbà ló sọ ọ́. Aṣọ kún ọ̀dọ̀ Ìyá Aránṣọ dé àjà, èèyàn ni kò sí. Àwọn oníbàárà ń wá o. Wọ́n á na ọwọ́ kí wọ́n lè wọn apá wọn, wọ́n á fa ikùn mọ́ra kí ìbàdí wọn lè kéré, wọ́n á sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń bi aránṣọ: "Ṣé ó ti ṣe tán?" Òun náà á fún wọn ní èsì kan ṣoṣo tí gbogbo aránṣọ ní: "Ó kù díẹ̀." Ẹni tó bá ti gbé aṣọ fún aránṣọ rí mọ̀ pé bí wọ́n bá ní ó kù díẹ̀, wọn ò tíì gé e. Wọ́n á bínú, wọ́n á lọ. Ilé á tún dákẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbà wà lókè ilé ìtẹ̀wé kan. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, ilẹ̀ kíláàsì á máa gbọ̀n, ṣọ́ọ̀kì á máa yí lórí tábìlì, ohùn gbogbo wọn á sì máa gbọ̀n bí ohùn ẹni tí otútù ń mú. Tíṣà jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ṣòkòtò rẹ̀ fò kúrò lórí bàtà. Ohun tí Ìyá Aránṣọ kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ nìyẹn, ó sì dùn ún wọ egungun. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ní kó bọ́ ṣòkòtò náà wá kí òun tú etí rẹ̀ sílẹ̀. Tíṣà ní òun dúpẹ́, pé ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú kíláàsì.

Bí Tíṣà ṣe ń kọ́ wọn ló mú kí èèyàn máa wá. Ó ní ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín kì í bẹ̀rù, pé ẹnu tó bá sì ń bẹ̀rù kò lè gbé Gẹ̀ẹ́sì. Eré ló fi ń ṣe gbogbo ẹ̀kọ́. Ó to bẹ́ńṣì gígùn méjì sí kíláàsì, wọ́n kọjú síra. Àwọn tó wà lórí ti apá ọ̀tún ni abéèrè, àwọn tó wà lórí ti apá òsì ni adáhùn. Oníkálùkù ní ẹnìkejì ní ọ̀kánkán rẹ̀. Ìwé ti kọ ìbéèrè sílẹ̀, ó ti kọ èsì sílẹ̀, ìwọ ṣáà há tìrẹ sórí kó o sì fi ara ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ bẹ́ńṣì, Tíṣà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ ọjọ́ tó bá ní kí wọ́n pààrọ̀, ìjà ni. Oníkálùkù ti mọ tirẹ̀, eré ti dùn, ta ló fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti A? Tíṣà náà fẹ́ràn ẹ̀rín, àṣírí rẹ̀ nìyẹn, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Báyìí ni àgbàlagbà odindi kan ṣe ń fi ìdajì èdè lọ ilé.

Ẹni tó kọjú sí Ìyá Aránṣọ ni Baba Káfíńtà, ọkùnrin àgbà onírùngbọ̀n funfun tí eruku pákó kì í tán lára rẹ̀, tí pẹ́ńsùlù kì í sì í kúrò létí rẹ̀, àfi bóyá tó bá ń sùn. Fúnra rẹ̀ ló yan bẹ́ńṣì abéèrè.

"Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà," ló wí. "Èmi fẹ́ mọ̀nà."

"Kó o yáa máa lọ," ni Ìyá Aránṣọ dá a lóhùn. "Èmi ò ní bi ẹnì kan léèrè nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ni kó bi mí."

Áà, àwọn méjì yìí! Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń ṣe eré tiwọn, àwọn atẹ̀wé á pa ẹ̀rọ nísàlẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́. Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀nà bíbéèrè, Baba Káfíńtà ní jọ̀ọ́, níbo ni ilé ìfìwéránṣẹ́ wà? Ìyá Aránṣọ nawọ́ bí ọlọ́pàá, ó ní kó lọ tààrà, kó yà sápá òsì, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì. Ọkùnrin yìí lọ tààrà, ó yà sápá òsì, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí Tíṣà ń kó ìwé sí, ó ki orí bọ̀ ọ́ pátápátá, ó wá ń pariwo látinú ibẹ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tún ti lọ jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ dókítà, ó ní níbo ló ń dùn yín? Ìyá Aránṣọ dáhùn bí ìwé ṣe wí, orí àti eyín, ṣùgbọ́n ìbàdí ló fi ọwọ́ méjèèjì dì mú.

"Ìyá, orí lẹ pè o," ni Tíṣà wí. "Ìbàdí lẹ dì mú."

"Tíṣà, ìwé ló ní orí. Èmi ò lè torí ìwé kí n parọ́ mọ́ ìbàdí mi."

Dẹ́rẹ́bà kan tó wà ní ìparí bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín títí tó fi ṣubú sílẹ̀. Inú Ìyá Aránṣọ dùn títí ó fi délé. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, kò rí ẹni tó máa ròyìn rẹ̀ fún.

Ẹ̀kọ́ àlejò ló tẹ̀ lé e. Abéèrè á kan ilẹ̀kùn, á ní: ta ló wà nílé pẹ̀lú yín? Adáhùn á ní: ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi wà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Nígbà tó kan Ìyá Aránṣọ, Tíṣà rọra sún mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé opó ni.

"Ìyá, ẹ lè yí tiyín padà. Ẹ sọ èyí tó bá jẹ́ òótọ́."

"Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ó dùn lẹ́nu."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ló ń mú un gun àtẹ̀gùn yẹn lójoojúmọ́. Ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀ ni. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, abéèrè kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ béèrè pé: Háwù à yù? Ṣé ẹ sùn dáadáa? Kí lẹ jẹ? Ẹ̀yin náà á ní, kí ló wà níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe ohun tá à ń bi ara wa látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn? Ẹ dúró ná. Tiwa, ìkíni ni. Ṣé dáadáa ni? Dáadáa ni. Ilé ńkọ́? Adúpẹ́. Ẹsẹ̀ ò dúró, ojú ò sì pàdé. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ tó ń sọ òótọ́ ti ba ìkíni jẹ́, wọ́n á sì máa sá fún un. Àmọ́ Baba Káfíńtà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi táá fi kánjú. Bó bá ti béèrè tán, á dákẹ́, á tẹjú mọ́ ẹnu Ìyá Aránṣọ, torí pé bí obìnrin náà ò bá dáhùn, òun ò mọ èyí tó kàn. Ó máa ń dúró. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tíì sí ẹni tó bi í bóyá ó sùn, tó sì dúró gbọ́ èsì.

"Mo sùn dáadáa," á wí. "Mo jẹ búrẹ́dì àti ẹyin." Búrẹ́dì àti ẹyin ló wà nínú ìwé. Ìrẹsì àná ló jẹ.

Ìgbà kan, kò rí oorun sùn rárá lóru. Ó ní mo sùn dáadáa. Baba Káfíńtà tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ní Yorùbá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí Tíṣà má bàa gbọ́: "Irọ́ ni. Ojú yín wú." Ìyá Aránṣọ ṣe bí ẹni pé ohun kan bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ òun, ó bẹ̀rẹ̀, ó wá a títí ojú rẹ̀ fi gbẹ.

Nígbà tí ìwé kìíní parí, Tíṣà ní kò sí adáhùn tó tó Ìyá Aránṣọ nínú kíláàsì náà. Orí rẹ̀ wú. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n gbé Ìkókó wá ní Sọ́ńdè, kí wọ́n sì jìnnà sí wọn.

Ó wé gèlè. Ó gbé fóònù ti ẹ̀rọ. Ìkókó jókòó. Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbá ọwọ́ jọ, ó ń dúró kí ọmọ náà bi í léèrè. Ìkókó náà gbá ọwọ́ jọ. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, wọ́n ti kọ́ ọ pé ká tó dá àgbà lóhùn, àgbà á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Adáhùn kọjú sí adáhùn. Wọ́n ń wo ara wọn. Aago ń lọ. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ gèlè.

"Fáìnì, tánkìyù," ni Ìyá Aránṣọ wí nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

Ìkókó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ló béèrè.

Ẹ̀rù ba ìyá àgbà. Nígbà tẹ́rù sì ba á, gbogbo èsì tó ti há sórí tú jáde bí òwú tó bọ́ lórí kẹ̀kẹ́. Mo sùn dáadáa. Búrẹ́dì àti ẹyin. Lọ tààrà, yà sápá òsì. Orí àti eyín. Rárá o, ó ti wọ́n jù. Òun ni bàtà ẹ̀gbọ́n mi. Ìkókó sọ nǹkan kan sí ìyá rẹ̀ tó wà nínú yàrá, ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó lọ.

Ọmọ rẹ̀ wá sídìí fóònù, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Màámi, ta ló bi yín?"

"Kí ló ní?"

"Ó ní ẹ̀ ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?" ni Ìyá Aránṣọ wí, kí ọ̀rọ̀ náà lè yí padà.

"Ó wà níbi iṣẹ́."

"Ó kú iṣẹ́ o."

Ó tú gèlè. Kò sọ fún ẹnì kankan ní kíláàsì. Ojú ló ń tì í, ẹ ò rí i bí?

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí kò sí kíláàsì. Baba Káfíńtà ni. Àpótí irinṣẹ́ wà léjìká rẹ̀, báàgì aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gé irùngbọ̀n. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ eré bí ẹni pé orí bẹ́ńṣì ló wà.

"Háwù à yù?"

Inú Ìyá Aránṣọ dùn, ó fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀. "Fáìnì, tánkìyù!"

Ṣé ẹ sùn dáadáa? Mo sùn dáadáa. Kí lẹ jẹ? Búrẹ́dì àti ẹyin. Lẹ́yìn ìyẹn ó dákẹ́ díẹ̀, ó gbé àpótí rẹ̀ sí èjìká kejì, ó béèrè èyí tó kẹ́yìn wẹ́rẹ́: ta ló wà nílé pẹ̀lú yín?

"Ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi wà nílé," ni Ìyá Aránṣọ wí, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ṣi ẹyọ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

Baba Káfíńtà wo pálọ̀ náà. Ó wo aṣọ àwọn oníbàárà tó kọ́ sára ògiri, ó wo àga kan ṣoṣo tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó wá wo Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀.

"Tánkìyù," ló wí. Kò wọlé. Ó lọ.

Ìyá Aránṣọ padà sídìí iṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkùnrin yìí mà kúkú ya wèrè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀kánkán rẹ̀ ṣófo. Ó rò pé ó pẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n parí kíláàsì, ó bi Tíṣà.

"Ó ti lọ, Ìyá. Wọ́n ń kọ́ ilé ńlá kan ní ìlú kan tó jìnnà, òyìnbó ló ni ín, ìdí tó fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ó ní òun máa yà lọ́dọ̀ yín kóun tó lọ. Ṣé kò wá ni?"

"Ó wá."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó bi mí bóyá mo sùn dáadáa."

"Ẹ̀yin náà wá bi í ní kí ni?"

Ìyá Aránṣọ dì mọ́ ọwọ́ àtẹ̀gùn. Ó ti rí àpótí yẹn. Ó ti rí báàgì. Ó ti rí irùngbọ̀n tí wọ́n gé. Kí ló ní kó bi í tayọ "níbo lẹ̀ ń lọ"? Ọmọ ọdún méjì mọ̀ ọ́n béèrè! Yorùbá ni, kì í tilẹ̀ ṣe Gẹ̀ẹ́sì! Ṣùgbọ́n èsì dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó jókòó sórí ìjókòó tirẹ̀, ó ń retí kí wọ́n tún bi òun. Ó rọra rìn lọ sílé, ó sunkún, mi ò ní fi bò. Ó dùn ún gan-an ni.

Bí ẹ̀gún bá gún ni lẹ́sẹ̀, à máa ṣe lákánlàká tọ alábẹ lọ. Kí kíláàsì tó tún bẹ̀rẹ̀, ó ti wà níwájú Tíṣà.

"Tíṣà, ẹ gbé mi lọ sórí bẹ́ńṣì kejì."

"Ìyá, àìmọye ìgbà ni mo ti bẹ̀ yín."

"Mo mọ̀. Ẹ ò bá mi jà dáadáa ni."

Ó jókòó sí àyè Baba Káfíńtà. Wọ́n fún un ní Dẹ́rẹ́bà tó máa ń ṣubú. Ẹ gbà mí o! Ìyá Aránṣọ ní ṣé o sùn dáadáa, Dẹ́rẹ́bà ní "Yẹ́ẹ̀sì". Ìyá Aránṣọ ní kí lo jẹ, Dẹ́rẹ́bà ní "Yẹ́ẹ̀sì".

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń dáni lóhùn nìyẹn?" Ìyá Aránṣọ sọ ọ́ ní Yorùbá. "Ṣé ẹnu ń dùn ọ́ ni?"

"Kò mọ̀ ọ́n ni," ni Tíṣà wí. "Ẹ̀yin náà ò sì fún un láàyè. Bẹ́ ẹ bá ti béèrè, ẹ tún ti ń sọ òmíràn. Ẹ béèrè, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn wà lára ìbéèrè."

Ìyẹn ló le jù. Ṣé ẹ rí èèyàn tó ti ń gbé nínú ilé tó dákẹ́, bó bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, á fẹ́ dí gbogbo ihò. Nílé, ó ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́ra. Á ní, "Kí lo jẹ?" Á dákẹ́. Ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan. Á bi aṣọ ìyàwó tó kọ́ sára ògiri bóyá ó sùn dáadáa, á dákẹ́, á máa wò ó. Oníbàárà kan bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó gbé aṣọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣe tán, ó ní òun máa padà wá tí ara Ìyá Aránṣọ bá yá.

Títí ìwé kejì fi dé ìdajì, kò pe Ìkókó sídìí fóònù. Nígbà tó ṣe, ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní ẹ̀ẹ̀kan yìí ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún, bí kò bá bọ́ sí i, kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ bó ṣe wí.

Ní Sọ́ńdè, kò wé gèlè. Kò pariwo. Ìkókó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti gbára dì láti sá.

"Kí lo jẹ?" ni Ìyá Aránṣọ béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó wá dákẹ́.

Ahọ́n ń yún un. "Ọmọ ọlá" ti dé eyín rẹ̀, ó gbé e mì. Ó tẹjú mọ́ ẹnu ọmọ náà bí Baba Káfíńtà ṣe máa ń tẹjú mọ́ tirẹ̀.

"Búrẹ́dì," ni Ìkókó wí. Ó ronú. "Àti ẹyin."

Ìyá Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dìde. Àṣé èèyàn wà láyé tó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin! Ó ní ṣé o sùn dáadáa? Ìkókó ní rárá, òun lálàá. Ó sì bẹ̀rẹ̀ àlá ọ̀hún, Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti tì. Ìyá Aránṣọ mú ajá nínú rẹ̀, ó mú bàtà, ó mú pupa. Ìyókù kọjá lọ. Nígbà tó dà bí ẹni pé ajá náà ti gbé bàtà mì, ó ní, "Èèmọ̀!" Ìkókó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni yẹn? Ó tún un sọ: "Èèmọ̀!" Ó gbé ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ padà sórí àga.

Ọmọ náà wá tẹjú mọ́ fóònù. Ó wo ògiri ẹ̀yìn ìyá àgbà, ó wo àwọn aṣọ tó kọ́ síbẹ̀. Ó béèrè lọ́rọ̀ ara rẹ̀, láìsí ẹni tó kọ́ ọ: ìyá àgbà, ta ló wà nílé pẹ̀lú yín?

Wọ́n ti bi í! Kò dúró ronú.

"Ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi wà nílé," ló wí, kò ṣi ẹyọ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

Ojú Ìkókó là. Ó fò sílẹ̀, ó ń sáré, ó ń pariwo pe ìyá rẹ̀ pé bàbá àgbà wà nílé, bàbá àgbà ò kú!

Ọmọ rẹ̀ dé sídìí fóònù, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi abọ́. "Màámi, kí lẹ sọ fún un? Ó ní bàbá mi wà lọ́dọ̀ yín."

"Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn," ni Ìyá Aránṣọ wí, ojú tì í. "Èmi kọ́ ni mo kọ ìwé."

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi ọwọ́ bojú, ejìká rẹ̀ ń mì. Ìyá Aránṣọ náà ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹni tó ti ń fi tépù wọn ejìká ọmọ aráyé láti kékeré mọ ejìká tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì mọ èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín ló ń ṣe é.

"Ọkọ rẹ ńkọ́?" ló wí.

"Ó wà níbi iṣẹ́, Màámi."

Ó kú iṣẹ́ o. Ó ti dé ètè rẹ̀. Ó pa ètè dé. Ó ń wo ọmọ rẹ̀. Ọ̀sán Sọ́ńdè nìyí, Sọ́ńdè tó kọjá náà rí bẹ́ẹ̀, gbogbo Sọ́ńdè ló rí bẹ́ẹ̀, irú iṣẹ́ wo ni? Kò sọ ọ́. Ó dákẹ́. Ìdákẹ́ náà pọ̀ débi pé ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán nínú ilé ọmọ rẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Ta ló wà nílé pẹ̀lú rẹ?" ló béèrè, ní Yorùbá.

Ọmọ rẹ̀ sọ ọwọ́ kalẹ̀ lójú.

"Èmi àti Ìkókó ni, Màámi. Ó ti pẹ́ tí ọkọ mi ti kó ẹrù rẹ̀ lọ."

"Ó ti pẹ́? O ò sì sọ fún mi? Ọ̀sẹ̀ wo ni mi ò bi ọ́ pé ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ẹ máa ń kí mi ni, Màámi," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ẹ ò bi mí rí."

Ìyá Aránṣọ gbé fóònù kúrò lára ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Kò sí èsì kankan lórí rẹ̀, yálà ti ìwé kìíní tàbí ti ìkejì. Ìkókó ti padà wá, ó fara ti ìyá rẹ̀, ó ń wo ẹnu àwọn méjèèjì.

"Fa àga yẹn, kó o jókòó," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ṣé o sùn dáadáa?"

Ọmọ rẹ̀ fa àga, ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó fẹ́ ní "dáadáa ni". Ó wo ojú ìyá rẹ̀.

"Rárá," ló wí.

Ìyá Aránṣọ ò sọ nǹkan kan. Ó dúró.